Bẹ́ńṣì Láti Ara Pákó Àlòkù

Àwọn àgbà ní, bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹni tí owó pákó tuntun wọ̀ lọ́rùn lè fi pákó àlòkù kan bẹ́ńṣì tí ènìyàn méjì yóò máa jókòó lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun méjì ni kí ó mọ̀: igi tí ó yẹ kí ó mú, àti ohun tí kì í jẹ́ kí ìjókòó mì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti igi. Ẹ ó ti rí àwọn pákó tí wọ́n kàn pọ̀ bí àtẹ, tí wọ́n fi ń gbé ẹrù láti òkè òkun, tí à ń pè ní pálẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2002 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fohùn ṣọ̀kan pé kí a máa pa kòkòrò inú irú igi bẹ́ẹ̀ kí ó tó ré òkun kọjá, kí a sì tẹ òǹtẹ̀ tí ó ní àwòrán ṣírí ọkà sí i lára. Bí ẹ bá rí HT lára òǹtẹ̀ náà, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò rẹ̀: wọ́n mú igi náà gbóná dé inú lọ́hùn-ún, ó kéré tán ní ìwọ̀n 56 ti Celsius fún ìṣẹ́jú 30. Èyí dára. Bí ó bá jẹ́ MB, èéfín olóró kan, methyl bromide, ni wọ́n lò. Ẹ má gbé e wọ ilé, ẹ má sì fi dáná. Èyí tí epo tàbí oògùn ti ta sí lára, ẹ fi òun náà sílẹ̀.

Ẹ fi òòlù kan pákó náà wò. Bí ó bá dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo, ikán ti jẹ ẹ́.

Gígùn bẹ́ńṣì wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, ìbú rẹ̀ ínṣì 12, gíga rẹ̀ ínṣì 18. Ẹ gé ẹsẹ̀ mẹ́rin lára igi tí ó nípọn. Ẹ kan ẹsẹ̀ méjì méjì pọ̀, kí igi ìdábùú wà lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ wá kan igi gígùn méjì mọ́ orí àwọn ẹsẹ̀ náà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ẹ tó tẹ́ pákó lé wọn. Kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìṣó wọ inú igi tí ó nípọn. Ẹ kọ́kọ́ fi òòlù pa ẹnu ìṣó náà díẹ̀, nítorí ìṣó tí ẹnu rẹ̀ mú jù a máa la pákó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí. Ẹ mú igi pẹlẹbẹ mẹ́rin, ẹ fi ìṣó kọ̀ọ̀kan kan igun wọn pọ̀, kí ẹ sì tì í: yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fi igi mẹ́ta ṣe bẹ́ẹ̀: kò ní mira, àfi bí igi bá ṣẹ́. Nítorí náà, ẹ kan igi kékeré kan láti àárín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gòkè lọ bá igi gígùn abẹ́ ìjókòó, kí wọ́n di onígun mẹ́ta. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ kan òmíràn láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kan dé orí èkejì.

Bí ó bá jẹ́ ìta ni yóò máa wà, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé òkúta, nítorí láti inú ilẹ̀ ni ikán ti ń gòkè. Bí ìjókòó kò bá ti mì, kò sí àlejò tí yóò bèèrè ibi tí igi rẹ̀ ti wá.