Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Géètì

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ilé kan bú gbàù ní Bódìjà, ní ìlú Ìbàdàn, ó sì ba àwọn ilé tó yí i ká jẹ́. Ó kéré tán, ènìyàn 5 ló kú, àwọn tó fara pa sì ju 70 lọ. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ṣàlàyé pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló ń gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, tí wọ́n sì kó ohun abúgbàù pamọ́ síbẹ̀. Àdúgbò àwọn tó rí jájẹ ni Bódìjà. Ta ni yóò rò pé ohun tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta wà lẹ́yìn géètì aládùúgbò òun?

Ó yẹ kí ìbéèrè yìí ká ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lára ju Ìbàdàn lọ. Láti ayé àwọn amúnisìn ni wọ́n ti ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà. Ní oṣù Keje ọdún 2021, iléeṣẹ́ Segilola, tó wà ní agbègbè Ìpẹ̀rìndó àti Odò-Ìjẹ̀ṣà, yọ góòlù rẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun abúgbàù ni irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń fọ́ àpáta, sáyánáìdì ló sì fi ń yọ góòlù kúrò lára òkúta tí wọ́n bá lọ̀. Ti ẹni tó wà létí odò pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti igbá yàtọ̀: mẹ́kúrì ni irú wọn sábà máa ń lò, inú ilé sì ni àwọn kan lè máa tọ́jú rẹ̀ sí. Nígbà tí omi Odò Ọ̀ṣun yí àwọ̀ padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kìlọ̀ fún aráàlú pé kí wọ́n má mu ún, àwọn awakùsà òkè odò ni gbogbo ènìyàn nàka sí. Iléeṣẹ́ ńlá ní orúkọ, ó ní ọ́fíìsì, ó ní ibi tí a ti lè lọ bi í ní ìbéèrè. Mẹ́kúrì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ góòlù nìkan. Ẹ wo àwọn wẹ́dà àti àwọn tó ń tún bọ́dì ọkọ̀ ṣe lójú títì ní Òṣogbo. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń lo kábáìdì, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń fi ṣe bánágà nígbà ọdún Kérésì. Bí omi bá kan kábáìdì, gáàsì tó ń jó wìì ló máa ń tú jáde. Gáàsì yẹn gan-an ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́ọ̀bù náà bá gbiná lóru, tí garawa kábáìdì méjì wà ní igun, tí panápaná sì dé pẹ̀lú omi, iná ni wọ́n ń fún lóúnjẹ yẹn. Aládìrẹ náà ní tirẹ̀. Òṣogbo jẹ́ ìlú aláró, ṣùgbọ́n lónìí, kọ́sítíìkì sódà àti ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní hydrosulphite ti bá aró wọ inú ìkòkò. Kọ́sítíìkì ń bó ara. Ìyẹ̀fun kejì yẹn lè gbóná fúnra rẹ̀ kó sì gbiná bí ọ̀rinrin bá wọ inú ọ̀rá rẹ̀. Àwọn tó ń lò ó mọ èyí. Ẹni tó máa wá pa iná ni kò mọ̀.

Òfin kò ṣọ̀wọ́n. Ohun abúgbàù ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 1964, ọwọ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìwakùsà ló sì wà. Epo bẹntiróò àti gáàsì ìdáná wà lọ́wọ́ NMDPRA, tí òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 dá sílẹ̀. Àjọ NESREA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2007, ló ń mójú tó àyíká àti kẹ́míkà, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ epo. NAFDAC wà níbẹ̀ fún kẹ́míkà àti oògùn apakòkòrò. Àwọn olùbẹ̀wò iléeṣẹ́ ń retí kí wọ́n gbọ́ bí ìjàǹbá bá pa òṣìṣẹ́. Gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyí, ti ìjọba àpapọ̀ ni, ohun tí wọ́n sì ń béèrè jù ni ìwé àṣẹ. NEMA, tí òfin gbé kalẹ̀ lọ́dún 1999, àti SEMA tìpínlẹ̀ wà fún pàjáwìrì, ṣùgbọ́n aráàlú mọ̀ wọ́n jù mọ́ ẹní àti àpò ìrẹsì tó ń dé lẹ́yìn tí ìjì bá ti ṣí òrùlé.

Ìbínú ló bí púpọ̀ nínú òfin àyíká wa. Ní ọdún 1988, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá pàǹtírí olóró láti Ítálì wá sí Koko, èyí tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí, wọ́n sì tò ó sí àgbàlá onílé kan tó gba owó díẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì wà lára àwọn tó ta ilé lólobó. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ológun ti gbé òfin méjì jáde: ọ̀kan sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére láti kó irú pàǹtírí bẹ́ẹ̀ wọlé, èkejì dá àjọ àyíká àkọ́kọ́ sílẹ̀. Òfin náà le, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá kó nǹkan wọ̀lú ló ń lé. Kò sọ fún aládùúgbò ohun tó ti wà nílẹ̀.

Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe yàtọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1984, gáàsì olóró jò ní iléeṣẹ́ Union Carbide ní Bhopal, ní Íńdíà, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lójú oorun. Ìjàǹbá yẹn wà lára ohun tó mú kí Amẹ́ríkà ṣe òfin ní ọdún 1986 pé iléeṣẹ́ tó bá ní kẹ́míkà eléwu tó pọ̀ dé ìwọ̀n kan gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀, iye rẹ̀ àti ibi tó wà sílẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta tó kọjá lọ́dọọdún. Ibi mẹ́ta ni ìwé náà ń lọ: ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀, ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àdúgbò tó ń múra sílẹ̀ de ìjàǹbá, àti ọ̀dọ̀ panápaná tó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Panápaná, ọlọ́pàá, ilé ìwòsàn, oníròyìn àti àwọn oníléeṣẹ́ ló ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Aráàlú lásán lè béèrè láti rí ìwé náà.

Àwa kò ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń jókòó déédéé, ṣùgbọ́n a ní wolé-wolé. Àwọn òbí wa sá fún un nígbà tó ń yẹ inú ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. Lónìí, òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ni wọ́n ń pè é, ó sì ṣì ń wọ àgbàlá tí kò sí òṣìṣẹ́ Àbújá kankan tó máa dé. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára lórí ṣọ́ọ̀bù, búkà àti ilé búrẹ́dì. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ìjọba ìbílẹ̀ 30. Kí wolé-wolé wọn mú ìwé dání bó ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀bù; ojú kan ti tó: kí lo kó síbí, ó tó mélòó, ṣé omi lè kàn án, ta ni ká pè láàárín òru? Ẹ̀dà kan fún ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀dà kan fún panápaná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa há ni owó. Ọlọ́jà tó bá rí wolé-wolé pẹ̀lú bírò, owó orí tuntun ló máa rò. Bí wọ́n bá sì wá gbowó lóòótọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, garawa kábáìdì ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti wọ yàrá ọmọ. Nítorí náà, ọ̀fẹ́ ni ìwé náà gbọ́dọ̀ jẹ́, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ ẹni tó bá sọ òtítọ́ ní ọdún àkọ́kọ́, àfi awakùsà tó kó ohun abúgbàù sínú ilé.