Ìlẹ̀kùn Ṣí, Ṣùgbọ́n Àga Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí jẹ mọ́ ọmọ, ó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́, ó sì jẹ mọ́ ìgbàgbọ́ wa. Àwa ará Èkìtì kì í fi ọ̀rọ̀ ìwé ṣeré. Ẹni tí kò ní oko yóò ya owó kí ọmọ rẹ̀ lè kàwé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ní Ìkẹ́rẹ́, lẹ́yìn ìsìn, arákùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ọmọbìnrin wọn ti yege nínú ìdánwò JAMB, yunifásítì kan tí Ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ sì ti gbà á wọlé. Dípò kí inú wọn dùn, ojú àwọn méjèèjì rẹ̀ wẹ̀sì.

Bàbá ní, "Pásítọ̀, ẹ dákun, ṣé wọn ò ní sọ ọmọ wa di Àgùdà mọ́ wa lọ́wọ́? Láti inú oyún la ti yà á sọ́tọ̀ fún Olúwa."

Ìyá rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ̀rù tèmi yàtọ̀, sà. Ẹ mọ̀ pé ọ̀pá méjì lọmọ yìí fi ń rìn. Bí wọ́n bá fi kíláàsì rẹ̀ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńkọ́?"

Mo dá bàbá lóhùn kíákíá, nítorí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa láti dáhùn ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ti ìyá ni n kò rí èsì fún. Ó bá mi délé, n kò sì sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

OHUN TÍ MO SỌ FÚN BÀBÁ

Àwọn Àgùdà ní yunifásítì ní ilẹ̀ wa. Veritas wà ní Àbújá, Augustine wà ní Ìlárá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, Dominican sì wà ní Ìbàdàn. Àwọn ìjọ Ẹ̀mí náà kò gbẹ́yìn. Covenant bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀tà ní ọdún 2002, Yunifásítì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìkejì-Arákejì ní ọdún 2006. Kò sí èyí tí ó jẹ́ pé ọmọ ìjọ tó dá a sílẹ̀ nìkan ló ń kàwé níbẹ̀.

Ní ọdún 1990, Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì gbé ìwé àṣẹ kan jáde lórí gbogbo yunifásítì Ìjọ Àgùdà ní àgbáyé. Apá méjì ni ọ̀rọ̀ náà ní. Ẹni tí kì í ṣe Àgùdà, olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́, gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ìwà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Yunifásítì náà sì gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn olúkúlùkù. Mo sọ fún arákùnrin wa pé bí wọ́n bá tẹ̀lé ìwé yìí, kò sí ẹni tó lè fi ipá gba ìgbàgbọ́ ọmọ rẹ̀. Bí ìgbàgbọ́ ọmọ náà bá sì ní gbòǹgbò, bíbá ẹlòmíràn gbé kò lè fà á tu. Dáníẹ́lì kàwé ní Bábílónì, síbẹ̀ kò gbàgbé Jerúsálẹ́mù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí ni kò fẹ́ fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọmọ yóò yí ẹ̀sìn padà. Ní ọdún 1923 ni àwọn Mùsùlùmí kan dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n sì ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn. Ìlẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ṣí nígbà náà, ṣùgbọ́n lójú wọn, ẹni tí yóò wọlé ní láti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi náà jẹ̀bi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi ni mò ń darí àdúrà òwúrọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan. Ọmọkùnrin Àgùdà kan wà níbẹ̀ tí í máa fi rósárì sọ́rùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbàdúrà kíkankíkan lòdì sí ẹ̀mí ìbọ̀rìṣà. N kò dárúkọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo kíláàsì yíjú sí. Kò padà wá ní táàmù kejì. Mo pàdé ìyá rẹ̀ lọ́jà lẹ́yìn náà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì sọ nǹkan kan. Ìkíni náà dùn mí ju èébú lọ.

OHUN TÍ N KÒ RÍ SỌ FÚN ÌYÁ

Ìbéèrè ìyá jinlẹ̀ ju ti bàbá lọ. Kì í ṣe ìlẹ̀kùn ni ó ń béèrè. Àga ni ó ń béèrè. Wọ́n ti gba ọmọ rẹ̀ wọlé, ṣé yóò ríbi jókòó?

Ẹ wo Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà. Ìjọ ń gbòòrò, gbogbo ènìyàn ló wà nínú ilé. Síbẹ̀, wọ́n ń gbójú fo àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríkì nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ. Àwọn àpọ́sítélì kò bá wọn wí pé aláròyé ni wọ́n. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, orúkọ Gíríkì sì ni àwọn méjèèje ń jẹ́. Ẹ tún wo Mefibóṣẹ́tì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ. Dáfídì kò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i lẹ́yìnkùlé. Orí tábìlì ọba ni ó ti ń jẹun (2 Sámúẹ́lì 9).

Àwọn àgbà ní ìka kò dọ́gba. Bí a bá fi gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, a lè ní a ṣe bákan náà fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba pàápàá ti rí i. Láti ọdún 2017 ni JAMB ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí ń bójú tó ìdánwò àwọn afọ́jú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó de ìyà jíjẹ àwọn aláàbọ̀ ara. Ọdún márùn-ún ni òfin náà fi sílẹ̀ kí gbogbo ilé tí ará ìlú ń lò lè ní ọ̀nà tí wọn yóò gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti ọdún 2024. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú wà ní Ìkẹ́rẹ́ wa níhìn-ín. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn náà ń fẹ́ lọ sí yunifásítì.

BÍ Ó ṢE RÍ

Mo bá àwọn òbí náà lọ sí yunifásítì ọ̀hún. Ìbéèrè mẹ́ta ni a bi wọ́n. Ṣé ọmọ wa lè gbàdúrà bí a ti kọ́ ọ? Bí ẹnikẹ́ni bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, ta ni yóò sọ fún? Níbo ni yóò gbà dé kíláàsì? Wọ́n dáhùn méjì àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta gba lẹ́tà mẹ́ta. Ní ìdajì ọdún àkọ́kọ́, ọmọ náà ń gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bá a gbé báàgì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé kíláàsì náà wá sísàlẹ̀.

Ó ti wà ní ọdún kejì báyìí. Nígbà tó wá sílé, ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, Mùsùlùmí ni ẹni tí a jọ ń gbé yàrá. Òun ló ń jí mi bó bá fẹ́ kírun, kí èmi náà lè gba àdúrà tèmi."

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ìdí tí n kò fi sùn lóru ọjọ́ náà? Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn tí mo ti ń wàásù. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ọmọ náà ń gùn ún lójú mi, n kò kíyè sí i. Mo fẹ́ lọ bi àwọn Àgùdà ní ohun tí n kò bi ara mi.

Arákùnrin bíríkìlà kan nínú ìjọ ti bá wa fi kọnkéré ṣe ọ̀nà tó dagun díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà. Àwọn ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn ló kọ́kọ́ gbà á.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ilé-ẹ̀kọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn kí ẹ tó san owó. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa, ohun tí ẹ bá fẹ́ kí àwọn Àgùdà ṣe fún ọmọ wa, ẹ ṣe é fún ọmọ Àgùdà àti ọmọ Mùsùlùmí tó wà lọ́dọ̀ yín. Ojú ọ̀run tẹ́ ẹyẹ fò láìfara kanra.

Kí Olúwa la ojú wa sí àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà tiwa. Àmín.