Ìgò Oníke Àti Epo Gbígbóná



Epo ni mo ń tà. Oníbàárà kan ní kí n bá òun dín epo fún ọbẹ̀ àyàmáṣẹ. Ó ń kánjú, èmi náà ń kánjú, mo bá da epo náà sínú ìgò omi oníke láìjẹ́ kó tutù. Kíá, ìgò ká jọ bí ewé tí iná jó, ara rẹ̀ di funfun, epo sì dà sẹ́sẹ̀ ọmọ tó ń bá mi tajà. Ẹsẹ̀ bó. Owó epo lọ, owó oògùn tún lọ.

Mo ní ìgò náà ni ò dáa. Àbúrò mi tó jẹ́ olùkọ́ kẹ́mísírì ní rárá, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn.

Póliẹ́sítà ni ìgò yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni òun àti aṣọ tẹ́rílìn tí àwọn bàbá wa fi ń rán ṣòkòtò. Whinfield àti Dickson ló kọ́kọ́ ṣe é nílùú ọba ní 1941. Wyeth, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìgò rẹ̀ ní 1973.

Ẹ wo epo wa nígbà ọyẹ́. Ohun inú rẹ̀ á tò jọ, epo á dì, á ṣú. Póliẹ́sítà náà mọ̀ ọ́n tò, àmọ́ ó ń fẹ́ àyè. Nílé iṣẹ́, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á mú un tutù kíákíá kó má ráyè tò, ìdí nìyẹn tó fi mọ́ gaara. Wọ́n á tún mú un gbóná díẹ̀, wọ́n á fẹ́ ẹ bíi bàlúùnù kó di ìgò.

Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi dígírì 75, ó ti ń rọ̀ nìyẹn. Omi tó ń hó jẹ́ 100, epo tí a ń dín jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ ẹ, ó fẹ́ padà síbẹ̀, ló ṣe ń ká jọ. Ó sì ti ráyè tò, ló ṣe funfun. Epo tó dì, ẹ gbé e sóòrùn, á yọ́. Ti ìgò ò ní lọ, àfi bó bá tó bíi 250 tí ìgò fúnra rẹ̀ á yọ́, bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣe ń ṣe tẹ́rílìn.

Funfun yẹn kì í ṣe àìsàn ṣá o. Àwọn ìgò kan wà tí ilé iṣẹ́ ń rọ nǹkan mímu sí ní gbígbóná, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ sọ ẹnu rẹ̀ di funfun kó má bàa wọ́.

Ẹ yí ìdí ìgò wò: èyí tó bá ní 1 ni póliẹ́sítà. Kẹ́ẹ̀gì wa sábà máa ń ní 2, ike mìíràn nìyẹn, òun náà ò fẹ́ epo tó ń hó.

Ní báyìí, inú ìkòkò ni epo dídín mi ń sùn mọ́jú. Oníbàárà tó bá ń kánjú, kó gbé abọ́ irin wá. Ìgò funfun ọjọ́sí ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi, ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó yà.