Gíga Jíìpù Kọ́ ni Ìrọ̀rùn Ìjókòó: Àfiwé Inú Jíìpù Ńlá àti Káà Kékeré

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì rí láàárín jíìpù ńlá àti káà kékeré, nítorí pé bí jíìpù bá ti yà sí ojúde ayẹyẹ ni gbogbo ojú máa ń yí síbẹ̀, tí ẹni tí ó ti inú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ yóò sì gba ọ̀wọ̀ tí ẹni tí ó gun káà kékeré wá kì í sábà rí gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọ̀wọ̀ tí à ń rí níta ọkọ̀, ọ̀tọ̀ ni ìrọ̀rùn tí à ń rí nínú rẹ̀. Bí a bá fi téèpù wọn àyè tí ẹsẹ̀, orúnkún, èjìká àti orí èrò ń rí lò, a ó rí i pé ibi tí ènìyàn jókòó sí nínú ọkọ̀ lè ṣe pàtàkì ju bí ọkọ̀ náà ṣe tóbi tó lọ.

Jíìpù ńlá tí à ń sọ níhìn-ín ni èyí tí ó ga kúrò nílẹ̀, tí ó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, tí ó sì lè gba ènìyàn méje tàbí mẹ́jọ, irú bíi Chevrolet Tahoe àti Toyota Sequoia. Káà kékeré sì ni ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tí ó ní ìlà ìjókòó méjì, tí búùtù rẹ̀ dá dúró lẹ́yìn, irú bíi Toyota Corolla àti Honda Civic. Ní Amẹ́ríkà, EPA, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo àyíká, a máa ṣírò àyè èrò pọ̀ mọ́ àyè búùtù kí ó tó sọ irú káà tí ọkọ̀ kan jẹ́, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ bá sì wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì 100 sí 109 ni ó ń kà sí kékeré. Ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì kan ni àyè inú àpótí tí òró, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Tí ó bá di ti jíìpù, àjọ náà kì í wo àyè inú rẹ̀ rárá. Ìwọ̀n tí ọkọ̀ náà àti ẹrù tí a gbà á láyè láti gbé jọ wúwo tó ni ó fi ń pín wọn. Èyí fi hàn pé orúkọ “jíìpù ńlá” kò sọ ohunkóhun fún oníbàárà nípa ibi tí yóò na ẹsẹ̀ sí.

Àyè ẹsẹ̀ ni ohun tí àwọn èrò máa ń kọ́kọ́ ráhùn lé lórí. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ máa ń wọ̀n ọ́n láti oríkèé ìbàdí ẹni tí ó jókòó títí dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú Corolla tuntun ti ọdún 2020 tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, àyè ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ íǹṣì 34.8, èyí tí í ṣe nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 88, bẹ́ẹ̀ sì ni ti Corolla ọdún 2014 sí 2019 tó íǹṣì 41.4, tí àlàfo láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ọkọ̀ méjèèjì kò sì yàtọ̀ síra. Ẹni tí ó bá rò pé ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ láyè ju ti àtijọ́ lọ yóò ṣìnà níbẹ̀. Ti Tahoe tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú èyí tí a ṣe láàárín ọdún 2015 sí 2020, àyè ẹsẹ̀ ìlà kẹta kò ju íǹṣì 24.8 lọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 63, àfìgbà tí ti ọdún 2021 dé tí ó di íǹṣì 34.9. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Tahoe ọdún 2021 tí òró rẹ̀ lé ní mítà márùn-ún kò fi ju ìdá kékeré kan nínú íǹṣì lọ nínú àyè tí ó fún ẹni ìlà kẹta, bí a bá fi wé ohun tí Corolla ọdún 2020 fún ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn.

Ohun tí ó fa ìyípadà yìí wà lábẹ́ ọkọ̀. Nínú Tahoe àtijọ́, irin gbọọrọ kan ni ó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tí ó ń lọ sókè sódò bí wọ́n bá ti ń bọ́ sínú kòtò, nítorí náà wọ́n ní láti gbé ilẹ̀ ọkọ̀ sókè kí irin náà má baà gbá a. Nígbà tí ilẹ̀ bá ga, tí ìjókòó kò sì lè ga tó bẹ́ẹ̀ nítorí òrùlé, orúnkún èrò yóò yọ sókè sún mọ́ àyà, itan rẹ̀ kò ní fara kan ìjókòó, ìdí nìkan ni yóò sì gbé gbogbo ìwúwo ara. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fara da irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ó bá jókòó bẹ́ẹ̀ láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́ yóò mọ̀ ọ́n lára. Ní ọdún 2021, wọ́n jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan máa dá lọ sókè sódò fúnra rẹ̀, èyí sì jẹ́ kí wọ́n rí ilẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Toyota gba ọ̀nà mìíràn nínú Sequoia ọdún 2023: ó padà sí irin kan ṣoṣo náà, ó sì gbé bátìrì iná mànàmáná sí abẹ́ ìjókòó ìlà kẹta.

Ibi tí jíìpù ti borí ni òkè àti ìbú. Àyè orí níwájú Tahoe ọdún 2021 jẹ́ íǹṣì 42.3, ti Corolla ọdún 2020 sì jẹ́ 38.3, ìyàtọ̀ íǹṣì mẹ́rin yìí ni obìnrin tí ó wé gèlè ńlá lọ sóde ìgbéyàwó yóò fi mọ̀ bóyá òun yóò tẹ orí ba tàbí òun yóò jókòó ṣánṣán. Ènìyàn mẹ́ta lè jókòó ní ìlà kejì jíìpù láìfi èjìká kan ara wọn, nígbà tí ẹni àárín nínú káà kékeré sábà máa ń ká ara kò. Bẹ́ẹ̀, àwọn awakọ̀ kan ṣì ń kó ènìyàn mẹ́rin sí ẹ̀yìn irú káà bẹ́ẹ̀, níbi tí bẹ́líìtì mẹ́ta péré wà.

Wíwọlé àti jíjáde náà ní tirẹ̀. Ó máa ń ṣòro fún ẹni tí orúnkún ń dùn láti dìde kúrò nínú káà tí ìjókòó rẹ̀ lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ìyá àgbà tí ó ró ìró láti gun jíìpù tí ó ga, àfi tí àtẹ̀gùn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìjókòó tí ó bá ìdí ènìyàn dọ́gba nígbà tí ó dúró ni ó rọrùn jù lọ láti wọ̀.

Bí ọkọ̀ bá wá ń lọ, ẹni tí ó wà láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ni gbígbọ̀n kì í pọ̀ fún. Ìdí nìyí tí ìlà kejì jíìpù fi máa ń tuni lára, tí ìlà kẹta tí ó wà lókè táyà ẹ̀yìn sì ń gba gbogbo kòtò ojú ọ̀nà sára. Gíga jíìpù a sì máa mú kí ó fì sọ́tùn-ún sósì ju káà lọ ní ìyíkọ́nà, èyí tí ó lè kọ èébì sí ọ̀fun àwọn kan.

Fún ìdílé ènìyàn mẹ́rin, káà kékeré tí àyè ẹ̀yìn rẹ̀ dára tó, kò sì ní jẹ epo púpọ̀. Jíìpù ńlá yẹ ilé tí èrò rẹ̀ lé ní márùn-ún ní tòótọ́. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á kọ́kọ́ ní kí awakọ̀ tún ìjókòó iwájú ṣe bí ó ṣe bá a lára mu, kí òun fúnra rẹ̀ sì jókòó ní ìlà kẹta fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó san owó.