Bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ọpọlọ ọmọ tuntun, àti ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ nípa rẹ̀

Ọmọ tuntun kò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Bó bá sunkún, ìyá rẹ̀ yóò fún un lọ́mú, yóò sì gbé e pọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí òbí tó lè fojú lásán mọ ohun tó ń lọ nínú agbárí ọmọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó dìgbà tí ọmọ bá kọ̀ tí kò rìn, tàbí tí kò sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ọpọlọ rẹ̀. Èyí gan-an ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn fẹ́ yí padà.

Ẹ̀rọ MRI ni wọ́n ń lò. Agbára òòfà àti ìgbì rédíò ló fi ń ya àwòrán inú ara. Kì í lo ìtànṣán bíi ti X-ray. Nílùú London, àwọn onímọ̀ láti King's College London, Imperial College àti Yunifásítì Oxford fi ẹ̀rọ yìí ṣe iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n pè ní Developing Human Connectome Project. Wọ́n bọ́ àwọn ọmọ náà yó, wọ́n wé wọn, wọ́n dí wọn létí nítorí ariwo ẹ̀rọ, wọ́n sì dúró títí wọ́n fi sùn fúnra wọn. Ní 2021, wọ́n gbé àwòrán ọpọlọ ọmọ tuntun tó lé ní 700 jáde kí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé lè lò ó.

Kí ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń fi hàn? Nígbà tí oyún bá wà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 25, ara ọpọlọ ọmọ ṣì ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ 40, yóò ti ká jọ bí aṣọ tí wọ́n kì mọ́ inú àpótí kékeré. Ọ̀rá tún ń bo àwọn okùn tó so apá kan ọpọlọ mọ́ òmíràn, bí rọ́bà ṣe ń bo wáyà iná, kí iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán lè yára dé ibi tó ń lọ.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 nínú ìwé ìṣègùn JAMA Neurology tún la ọ̀rọ̀ náà yé wa. Ọmọ 87 ni àwọn onímọ̀ ní California àti Hawaii yẹ ọpọlọ wọn wò. Nígbà tí wọ́n bí wọn, ọpọlọ wọn tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti àgbàlagbà. Kí wọ́n tó pé 90 ọjọ́, ó ti ju ìdajì lọ. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àsìkò, ọpọlọ tirẹ̀ kéré díẹ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì tíì bá wọn dọ́gba lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kánjú gbẹ̀bí láìsí ìdí tí dókítà rí.

Lóòótọ́, ẹ̀rọ MRI ńlá wọ́n gógó. Ṣùgbọ́n láti 2020 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí MRI kékeré kan tó ní táyà, tí wọ́n lè tì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó ti ńlá. Àwọn onímọ̀ ti ń lo irú rẹ̀ fún ọmọ kéékèèké ní South Africa àti Malawi. Àwọn dókítà tún lè gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún lé àwùjẹ̀ ọmọ, níbi tí egungun kò tíì pàdé, kí wọ́n wo inú orí rẹ̀.

Síbẹ̀, àwòrán nìkan kò lè wo àìsàn. Bí ọmọ kò bá ké nígbà tí wọ́n bí i, tàbí tí ojú àti ara rẹ̀ bá pọ́n, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí yóò lọ fúnra rẹ̀. Ẹ tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn, nítorí ọpọlọ tó ń yára dàgbà kì í dúró de ẹni tó ń fi nǹkan falẹ̀.