Ọkọ̀ Tó Tẹ̀ Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kan: Ẹ Má Tíì Ra Ṣọ́ọ̀kì

Ọ̀pọ̀ ìdílé ló máa ń tọ́jú owó fún ọdún bíi mélòó kan kí wọ́n tó lè ra ọkọ̀ tókùnbọ̀ kan. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá délé, àwọn ará àdúgbò á wá bá wọn yọ̀, àwọn ọmọ á sì máa jà sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò. Ìgbà tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹnì kan á ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé apá òsì ọkọ̀ náà wálẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ, bíi ti ẹni tí ẹsẹ̀ kan ń dùn. Wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìyẹn á fọwọ́ tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ní: “Ọ̀gá, ṣọ́ọ̀kì ti lọ.”

Wọ́n á ra ṣọ́ọ̀kì méjì, wọ́n á san owó iṣẹ́, síbẹ̀ ọkọ̀ náà ò ní yí pa dà kúrò bó ṣe wà. Láti Aba dé Kánò, láti Ìbàdàn dé Kumasi lórílẹ̀-èdè Gánà, irú ìtàn yìí kò ṣàjèjì sáwọn tó ń lo ọkọ̀ àlòkù. Ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, làpálàpá ni wọ́n ń pa.

Bẹ́ẹ̀ ewu tó wà níbẹ̀ ju ti owó tó ṣòfò lọ. Sípíríǹgì tó ti kán lè gún táyà bẹ́ lórí eré. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ti jẹ tán lè yọ lójijì, kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì dà wó lójú pópó tòun tàwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé lọ síléèwé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà gan-an kó tó náwó lé e.

Kí Ló Ń Gbé Ọkọ̀ Dúró?

Ẹ wo alábàárù tó ru àpò ìrẹsì nínú ọjà. Orí àti ọrùn rẹ̀ ló gbé ẹrù náà. Ọwọ́ tó fi dì í mú kọ́ ló gbé e. Iṣẹ́ ọwọ́ ni pé kí ẹrù má mì. Bí ọrùn bá tẹ̀, ẹrù á tẹ̀, bó ti wù kí ọwọ́ lágbára tó.

Sípíríǹgì ni ọrùn ọkọ̀. Òun ló ru gbogbo ìwúwo rẹ̀, òun ló sì ń pinnu bí ọkọ̀ ṣe máa ga tó nílẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni ọwọ́. Ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, ihò kéékèèké sì ni ọ́ìlì náà ń gbà kọjá bí ọ̀pá àárín rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò. Èyí ló ń jẹ́ kí sípíríǹgì tètè dákẹ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá já sínú kòtò. Àní ṣọ́ọ̀kì tó ní gáàsì nínú pàápàá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló lè fi gbé ọkọ̀ sókè. Torí náà, tí apá kan bá ti wálẹ̀, ṣọ́ọ̀kì kọ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ fura sí.

Ohun tó ń mú káwọn èèyàn ṣi ọ̀kan mú fún èkejì ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ara ṣọ́ọ̀kì iwájú gan-an ni sípíríǹgì jókòó sí. Ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, Earle MacPherson, ló ṣe irú rẹ̀, ilé iṣẹ́ Ford sì gbé e sára ọkọ̀ Consul àti Zephyr tí wọ́n fi han aráyé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1950. Toyota Corolla àti Camry tó kún ojú pópó wa náà ń lò ó níwájú. Nígbà tí mẹkáníìkì bá ń tú méjèèjì pọ̀, ó rọrùn kó gbàgbé pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ Wọ̀n Ọ́n, Ẹ Má Fojú Díwọ̀n

Téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ ti tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ gbé ọkọ̀ náà síbi tó tẹ́jú dáadáa, irú bí ilẹ̀ oníkọnkéré nílé epo. Ẹ kó ẹrù inú búùtù kúrò. Ẹ rí i dájú pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ sọ mu, kí ẹ sì fún wọn ní afẹ́fẹ́ tó yẹ; nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìwọ̀n náà wà lára bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dírẹ́bà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ igun kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta, kí ẹ wa ọkọ̀ náà síwájú díẹ̀, kí ẹ sì wà á pa dà sẹ́yìn, kó lè jókòó dáadáa.

Ẹ wọ̀n ọ́n láti àárín gbùngbùn táyà lọ sókè dé etí fẹ́ńdà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òsì iwájú ni kí ẹ fi wé ọ̀tún iwájú, òsì ẹ̀yìn ni kí ẹ fi wé ọ̀tún ẹ̀yìn. Ẹ má fi iwájú wé ẹ̀yìn, torí bí wọ́n ṣe ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀, méjèèjì kì í ga bákan náà. Tí ìyàtọ̀ òsì àti ọ̀tún ò bá tó sẹ̀ǹtímítà 1, kò sí wàhálà. Tó bá ti ju 1.5 lọ, ó yẹ kẹ́ ẹ wádìí.

Ẹ tún wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé etí fẹ́ńdà. Bí ìwọ̀n àkọ́kọ́ bá dọ́gba àmọ́ tí ti ilẹ̀ yìí ò dọ́gba, táyà ni ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀, kì í ṣe sípíríǹgì. Bó bá sì jẹ́ pé fẹ́ńdà ló wálẹ̀, àmọ́ tí irin abẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún àti tòsì jìnnà sílẹ̀ bákan náà, a jẹ́ pé ọkọ̀ náà ti ní jàǹbá rí, tí pánẹ́ẹ̀lì bítà ò sì so fẹ́ńdà náà dáadáa.

Iwájú Ni àbí Ẹ̀yìn?

Tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú máa ń gbé igun tó kọjú sí i sókè. Bákan náà ni sípíríǹgì ẹ̀yìn lápá òsì tó ti rẹ̀ lè mú kí iwájú lápá ọ̀tún ga. Ọ̀pọ̀ ló ti tipa bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ ohun tí kò bà jẹ́.

Ọgbọ́n kan wà tí kì í náni ní kọ́bọ̀. Ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má bàa yí. Ẹ wá fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀ láti àárín gbùngbùn, níbi irin tí ilé iṣẹ́ ṣe fún jáàkì, kì í ṣe abẹ́ àwo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ẹni kẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀. Tí táyà iwájú bá ti fẹ́ kúrò nílẹ̀, ẹ lọ wo ẹ̀yìn. Tí ẹ̀yìn bá wá dọ́gba, iwájú ni àìsàn náà wà. Tó bá ṣì tẹ̀, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ ti wá a.

Ohun Tó Ń Ba Sípíríǹgì Jẹ́

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tókùnbọ̀ wá láti ilẹ̀ olótùútù, irú bíi Kánádà, Bẹ́ljíọ̀mù àti apá àríwá Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú pópó nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn máa ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀. Ibi tí sípíríǹgì ti jókòó nísàlẹ̀, níbi tí omi àti ẹrẹ̀ máa ń há sí, ló sábà máa ń kán. Torí pé ibẹ̀ fara pa mọ́, ọkọ̀ náà lè máa rìn fún ọ̀pọ̀ oṣù kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀. Kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, kí ẹ sì ka iye ìká sípíríǹgì apá méjèèjì. Èyí tó bá dín ti kán.

Tí ẹ ò bá rí èyí tó kán, ó lè jẹ́ pé ẹrù àpọ́jù ló tẹ̀ ẹ́, irú bí àpò símẹ́ńtì tàbí iṣu tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ilé kó. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ fi sípíríǹgì ọkọ̀ míì sí apá kan. Nínú bọ́ọ̀sì bíi Toyota Hiace, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ni sípíríǹgì ẹ̀yìn, ọ̀kan nínú wọn sì lè kán láàárín àwọn yòókù.

Àwọn ọkọ̀ kan tún wà tó jẹ́ pé àpò afẹ́fẹ́ ló dúró fún sípíríǹgì wọn, irú bíi Lexus GX 470, níbi tó ti wà lẹ́yìn. Tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dúró dáadáa tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá a nílẹ̀ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń jò. Ẹ má fi falẹ̀, torí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i á máa ṣiṣẹ́ ṣáá títí tó fi máa jó.

Àwọn Oríkèé Tó Ti Jẹ

Ọkọ̀ tó wà lọ́gbọọgba náà lè ní àìsàn lábẹ́. Tẹ́ ẹ bá tẹ igun kan tẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀, ó yẹ kó gòkè, kó sì dákẹ́. Tó bá ń jó sókè sódò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, tàbí tí ọ́ìlì bá ń ṣàn lára ṣọ́ọ̀kì, nígbà yẹn ni ṣọ́ọ̀kì ti lọ lóòótọ́. Táyà tó jẹ ní gbágungbàgun, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á, tún jẹ́ ẹ̀rí kan.

Ìró “kọ̀, kọ̀” lórí bọ́ńpù kéékèèké sábà máa ń wá látara línkéèjì tàbí bọ́ṣìn, ìyẹn rọ́bà tó wà láàárín irin àti irin. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ti jẹ, kí mẹkáníìkì gbé táyà náà kúrò nílẹ̀, kó di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kó sì mì ín. Tó bá ń mì, kí ẹnì kan tẹ búréèkì. Tí ìmìtìtì náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn ló jẹ. Tí kò bá dáwọ́ dúró, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni, ọkọ̀ náà ò sì gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò kankan títí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì táyà ni wọ́n dì mú tó sì mì, kí wọ́n wo tàì rọ́ọ̀dù.

Àtúnṣe Tó Máa Tọ́jọ́

Méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì, òsì àti ọ̀tún pọ̀. Sípíríǹgì tuntun lápá kan àti ògbólógbòó lápá kejì á tún mú kí ọkọ̀ náà tẹ̀. Yálà Ládípọ̀ ní Mushin lẹ fẹ́ ti rà á, tàbí Nnewi, tàbí Abossey Okai ní Accra, ẹ mú nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ náà dání, kí ẹ sì gbé àtijọ́ lọ láti fi wé e. Sípíríǹgì àlòkù tí wọ́n ń pè ní Belgium lè ṣiṣẹ́ tó bá jẹ́ ti irú ọkọ̀ kan náà tí ìpẹtà ò sì tíì jẹ ẹ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sọ bí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti ṣọ́ọ̀kì àlòkù ṣe máa pẹ́ tó. Tuntun ló dáa kẹ́ ẹ rà.

Sípíríǹgì tí wọ́n fún pọ̀ lágbára tó lè pààyàn. Irin tí wọ́n dìídì ṣe fún fífún un pọ̀ ni kí mẹkáníìkì lò, kì í ṣe okùn tàbí wáyà. Kó má sì tú nọ́ọ̀tì òkè kó tó fún un pọ̀. Bákan náà, jáàkì nìkan ò tó láti gbé ọkọ̀ téèyàn wà lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ irin tì í.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń gbójú fò. Bọ́ṣìn lówà ámù kò gbọ́dọ̀ di fífún pinpin nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì rọ̀ nínú afẹ́fẹ́. Tí wọ́n bá fún bóòtì rẹ̀ báyẹn, rọ́bà náà á lọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, kò sì ní pẹ́ tó fi máa ya. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí táyà ru ìwúwo ọkọ̀, kí wọ́n tó wá fún un gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ lọ ṣe aláínmẹ́ńtì, torí bí gíga ọkọ̀ bá yí pa dà, bí táyà ṣe kọjú síwájú á yí pa dà pẹ̀lú, táyà tuntun sì lè jẹ tán láàárín oṣù díẹ̀.

Tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun ki rọ́bà sáàárín ìká sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè gòkè, ẹ má gbà. Ìká tí rọ́bà dí ò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, gbogbo ẹrù á bọ́ sórí ìyókù, wọ́n á sì kán. Gígé sípíríǹgì tàbí fífi iná yọ́ ọ burú jùyẹn lọ, torí iná máa ń gba agbára lọ́wọ́ irin náà.

Kí Ẹ Tó Sanwó Ọkọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ lè ṣe gbogbo ìwọ̀n yìí láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú níwájú ẹni tó ń tà á. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: sípíríǹgì tó kán á jẹ́ kẹ́ ẹ lè dúnàádúrà, àmọ́ tí sípíríǹgì bá pé tí ọkọ̀ sì ṣì tẹ̀, ó lè jẹ́ pé jàǹbá ti wọ́ irin abẹ́ rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Fún ẹni tó ti rà á, tí ó sì ti tún un ṣe, kó tún wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fi í sáàárín ìwé ọkọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, tí ẹnì kan bá ní ṣọ́ọ̀kì ti lọ, téèpù á ti wà lọ́wọ́, bébà náà á sì sọ bóyá òótọ́ ni.