Ìjókòó Jẹ́ẹ́: Ohun tí Àṣàrò Ṣe fún Mi ní Ìperu, àti Ohun tí Kò Lè Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti oúnjẹ ọmọ tàbí ti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹ ti máa ń kà nínú irú ìwé báyìí. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni. Ta ni nínú yín tí kò tíì jí ní agogo méjì òru rí, tí owó ilé-ẹ̀kọ́, àìsàn ọmọ àti gbèsè ọjà sì ń yí i sọ́tùn-ún sósì lórí ẹní títí àkùkọ fi kọ? Èmi ti rí i. Ní ọdún kejì lẹ́yìn ikú bàbá àwọn ọmọ mi ni oorun sá fún mi pátápátá.

Obì gbàǹja ni mo ń tà. Ẹni tí ó bá mọ Ìperu, Ṣàgámù àti Ògèrè yóò mọ̀ pé iṣẹ́ obì kò ṣàjèjì sí wa ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníbàárà ti ń ti Òkè Ọya wá kó o lọ́wọ́ wa. Ní ọdún tí mo ń wí yìí, kòkòrò ba apẹ̀rẹ̀ obì mẹ́ta jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, owó olówó ni mo sì fi rà á. Ẹ̀yìn ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, orí ń fọ́ mi, mo sì ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá mi, ó bá a ní 160 lórí 100. Bí ó bá ti tó 140 lórí 90, tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn tí kò sì yí padà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n fún mi ní oògùn tí n ó máa lò lójoojúmọ́, wọ́n ní kí n dín iyọ̀ kù. Lẹ́yìn èyí ni nọ́ọ̀sì náà wá sọ ohun tí ó yà mí lẹ́nu. Ó ní, “Màmá, ẹ máa wá àkókò láti jókòó jẹ́ẹ́.”

Mo dá a lóhùn pé kí ni mo tún ń ṣe tẹ́lẹ̀ bí kò ṣe ìjókòó? Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo ń jókòó ti apẹ̀rẹ̀ obì! Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ara mi ni ó ń jókòó, ọkàn mi kò jókòó rí.

Àṣàrò ni ohun tí ó ń sọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù bí ẹni pé ìsìn àjèjì kan ni. Àwọn Kristẹni mọ ọ̀rọ̀ náà láti inú Bíbélì. Àwọn Mùsùlùmí ń ṣe sikiri, àwọn mìíràn a sì fara pamọ́ sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn oṣù Ramadan. Àwọn baba wa pẹ̀lú, kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù, orí wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀. Ní Ògèrè tí ó múlé ti wa yìí ni Wòlíì Josiah Ositelu ti dá Ìjọ Olúwa Aládùúrà sílẹ̀ ní ọdún 1930, àwọn ọmọ ìjọ náà a sì máa péjọ síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdọọdún fún ààwẹ̀ àti àdúrà. Èmi kò sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn o. Ohun tí mo ń wí ni pé dídá ọkàn dúró sójú kan kì í ṣe ohun titun láàrin wa.

Ní ti ara, àwọn oníṣègùn ti yẹ̀ ẹ́ wò. Herbert Benson, dókítà ọkàn ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1975. Ó ní bí ènìyàn bá jókòó, tí ó ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ nínú ara rẹ̀, tí kò sì bá èrò tí ó bá wọlé jà, ọkàn rẹ̀ yóò máa rọra lù, èémí rẹ̀ yóò sì lọ sílẹ̀. Ó fi kún un pé kí oníkálukú mú ọ̀rọ̀ náà láti inú ẹ̀sìn tirẹ̀ bí ó bá wù ú.

Bí nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ mi nìyí. Ẹ jókòó sórí àpótí tàbí àga, kí ẹ̀yìn yín nà, kí ẹ gbé ọwọ́ lé itan. Ẹ fa èémí wọlé láti ihò imú, kí ẹ ka oókan dé ẹẹ́rin. Ẹ rọra tú u jáde, kí ẹ ka oókan dé ẹẹ́fà. Ẹ má ṣe sé e mọ́nú. Bí a bá jókòó lásán, a ń mí tó ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá kà á báyìí, yóò sún mọ́ ìgbà mẹ́fà. Èémí tí ó pẹ́ kí ó tó jáde tán ni ó ń sọ fún ọkàn pé kí ó dẹ ìlù rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kìn-ín-ní tí mo dán an wò ní ẹ̀yìnkùlé, n kò kà dé ẹẹ́ta tí gbèsè fi wọlé. Mo lé e, owó àjọ wọlé. Mo lé ìyẹn náà, ẹ̀rọ ata aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ní ọjọ́ kẹrin, mo sùn lọ, ewúrẹ́ sì jẹ ewé tí mo fẹ́ fi di obì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni ó là mí lójú. Bí a bá ń bó obì, tí a bá rí èyí tí kòkòrò ti jẹ, a kì í bá a jà, a kì í sì í bú u. A ó mú un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ yóò sì padà sínú apẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sí èrò mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ mi kékeré fọ́ àwo. Mo gbọ́ tí èmi fúnra mi mí kanlẹ̀ kí n tó lanu, ọmọ náà sì wò mí bí ẹni pé ara mi kò yá.

Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí i pé mo ti ń sùn, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn náà. A jẹ́ mọ́kànlá, Kristẹni àti Mùsùlùmí, a sì ń pàdé ní ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ọjà lábẹ́ àtíbàbà tí a ti ń bó obì. Ẹ̀rín ni a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹnìkan máa ń hanrun. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ènìyàn mọ́kànlá yàtọ̀ sí ti ẹnìkan. Nígbà tí mo dá wà, mo lè dìde nígbàkigbà. Láàrin ẹgbẹ́, ojú a máa tì mí láti kọ́kọ́ dìde, mo sì ń tipa bẹ́ẹ̀ jókòó pẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ìdákẹ́jẹ́ ń tù lára. Ọ̀kan nínú wa tí ó ti sin ọmọ bú sẹ́kún ní ọ̀sẹ̀ kejì, kò sì lè dákẹ́. Bí ojú rẹ̀ ti dì ni ọmọ náà dé. A kò tún ní kí ó dijú mọ́. A ní kí ó máa bó obì lọ láàrin wa. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá jẹun, tí kò sùn, tàbí tí ó ń sọ pé ikú sàn fún òun, ilé ìwòsàn ni kí ẹ mú un lọ láìjáfara. A ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò, Abẹ́òkúta. Níbẹ̀ ni Dókítà Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954 sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé àyíká, pẹ̀lú ìbátan wọn, kí wọ́n lè máa gba ìtọ́jú láàrin ènìyàn.

Mo ní láti jẹ́wọ́ àṣìṣe méjì, èmi ni mo sì ṣe méjèèjì. Nígbà tí ara tù mí fún oṣù mẹ́rin, mo dá oògùn mi dúró. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n tún wọ̀n mí, ó ti di 180 lórí 110, orí kò sì fọ́ mi rárá! Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ American Heart Association sọ pé a lè fi àṣàrò kún ìtọ́jú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ara mi ni mo fi kọ́ ọ.

Èkejì ṣì ń dẹ́rù bà mí. Ìyàwó kékeré kan nínú ẹgbẹ́ wa wà nínú oyún oṣù méje. Ó dé ní ọjọ́bọ̀ kan, ó ní, “Màmá, orí ń fọ́ mi, ojú mi sì ń ṣú.” Mo ní kí ó jókòó, kí ó máa mí bí mo ti kọ́ ọ. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni ó fi jókòó tì mí, tí mo dijú, tí inú mi ń dùn sí ìdákẹ́jẹ́ wa. Ìyá àgbà kan tí kò dijú ni ó pariwo pé, “Ẹ wo ojú ọmọ yìí bí ó ti wú!” A ti rí wíwú náà láti ọjọ́ mẹ́ta, a ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọmọkùnrin ni yóò bí. A wá ọkọ̀, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣàgámù. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni, èyí tí í di gìrì tí í sì í pa ìyá àti ọmọ. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀ lóru ọjọ́ náà.

Nítorí náà, kí aláboyún kankan tó jókòó pẹ̀lú wa nísinsìnyí, a ó bi í bóyá orí ń fọ́ ọ gidigidi, bóyá ojú rẹ̀ ń ṣú, bóyá abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn ún, bóyá ojú tàbí ọwọ́ rẹ̀ wú. Bí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan, ọkọ̀ ni a ó wá. A fi owó èsúsú ra ẹ̀rọ ìfúnpá, nọ́ọ̀sì kọ́ wa bí a ti ń lò ó, a sì ń kọ iye oníkálukú sínú ìwé kí a tó dijú.

Ọmọ náà kéré nígbà tí a bí i, ọjọ́ 24 ni ó lò ní ilé ìwòsàn. Ó ti ń rákò báyìí. Ní ọjọ́bọ̀, tí a bá ti dákẹ́, òun ni ó máa ń da èèpo obì sílẹ̀ láàrin wa, tí ó sì ń fi ọwọ́ gbá apẹ̀rẹ̀.